Láti Tábìlì sí Gíráàfù: Ẹ Fi Ìdílé Kan Dán Méjèèjì Wò

Ẹni tó bá ti lo Excel rí ti mọ bí database onítábìlì ṣe ń rí lójú: ìlà ń lọ ní ìbú, òpó ń lọ ní òró, ohun gbogbo sì wà ní àyè tiẹ̀. Ti dátà alásopọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Linked Data, ló máa ń rú èèyàn lójú. Olùkọ́ á ya róbótó-róbótó àti ọfà sójú pátákó, á ní "gíráàfù nìyí", akẹ́kọ̀ọ́ á mi orí, kò sì ní mọ ohun tó yí padà gan-an.

Ohun tó yí padà kò pọ̀. Nínú tábìlì, ẹ ní láti kọ́kọ́ pinnu irú ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ. Nínú gíráàfù alásopọ̀, òótọ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró bíi gbólóhùn, ẹni tàbí ohun tí gbólóhùn náà ń sọ nípa rẹ̀ sì ní àdírẹ́sì tí gbogbo ayé lè lò. Gbogbo ìyàtọ̀ yòókù, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ká má fi ẹnu lásán sọ ọ́: ẹ jẹ́ ká mú ìdílé Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ká kọ wọ́n sínú tábìlì, ká tún kọ wọ́n bíi gíráàfù, ká wá bi méjèèjì ní ìbéèrè.

Ẹ ó nílò SQLite (prógíráàmù database onítábìlì tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kọ̀ǹpútà tó ti gbó pàápàá á gbé e), ohun tí ẹ lè fi tẹ ọ̀rọ̀ bíi Notepad, àti íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó fi ṣí query.wikidata.org. Wikidata ni àkójọ ìmọ̀ tí àwọn ará Wikimedia bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2012. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á, ẹnikẹ́ni ló sì lè kún un.

1. Ẹ kọ ìdílé náà sínú tábìlì

```
PRAGMA foreign_keys = ON;

CREATE TABLE eniyan (
  id INTEGER PRIMARY KEY,
  oruko TEXT NOT NULL,
  odun_ibi INTEGER,
  baba INTEGER REFERENCES eniyan(id),
  iya INTEGER REFERENCES eniyan(id)
);

INSERT INTO eniyan VALUES
 (1,'Josiah Ransome-Kuti',1855,NULL,NULL),
 (2,'Israel Oludotun Ransome-Kuti',1891,1,NULL),
 (3,'Funmilayo Ransome-Kuti',1900,NULL,NULL),
 (4,'Fela Kuti',1938,2,3),
 (5,'Femi Kuti',1962,4,NULL),
 (6,'Made Kuti',1995,5,NULL);
```

Ẹ má fo ìlà àkọ́kọ́ yẹn o. SQLite kì í yẹ ìsopọ̀ wò àfi tí ẹ bá ní kó yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbàgbé. Tí ẹ bá ti tan án, ẹ gbìyànjú láti fi Ṣeun ọmọ Fẹlá kún un, kí ẹ sì ṣi nọ́ńbà bàbá rẹ̀ kọ:

```
INSERT INTO eniyan VALUES (7,'Seun Kuti',NULL,40,NULL);
```

Yóò kọ̀ jálẹ̀: FOREIGN KEY constraint failed. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ 40 nínú ilé, ọmọ kankan kò sì lè pè é ní bàbá. Ẹ fi ìkọ̀jálẹ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Edgar F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose, ló gbé ètò yìí jáde ní 1970. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ database ayé ìgbà náà ló jẹ́ pé okùn ni wọ́n fi so àkọsílẹ̀ kan mọ́ òmíràn, ẹni tó bá ń kọ prógíráàmù sì gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí yóò gbà tẹ̀ lé okùn náà. Codd ní kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀: iye inú tábìlì kan ni kó bá iye inú òmíràn pàdé. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní gíráàfù ni ìgbàlódé, tábìlì ni ayé àtijọ́, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Okùn ló kọ́kọ́ dé.

2. Ẹ bi tábìlì léèrè àwọn baba ńlá Mádé

Bàbá àti bàbá bàbá kò le:

```
SELECT b.oruko, bb.oruko
FROM eniyan m
JOIN eniyan b  ON m.baba = b.id
JOIN eniyan bb ON b.baba = bb.id
WHERE m.oruko = 'Made Kuti';
```

Fẹ́mi àti Fẹlá á jáde. Ẹ fẹ́ ìran kan sí i? JOIN kan sí i. Tí ẹ kò bá wá mọ iye ìran tó wà ńkọ́? SQL, èdè tí a fi ń bá tábìlì sọ̀rọ̀ yìí, ní ọ̀nà rẹ̀ láti 1999, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe gùn:

```
WITH RECURSIVE baba_nla(id) AS (
  SELECT baba FROM eniyan WHERE oruko = 'Made Kuti'
  UNION
  SELECT e.baba FROM eniyan e
  JOIN baba_nla n ON e.id = n.id
)
SELECT oruko FROM eniyan JOIN baba_nla USING (id);
```

Ó ṣiṣẹ́. Fẹ́mi, Fẹlá, Israel Olúdọ̀tun, Josiah: gbogbo wọn á jáde. Ẹni tó bá sọ pé SQL kò lè dáhùn irú ìbéèrè yìí kò sọ òótọ́. Ó lè dáhùn, àmọ́ ó máa ń béèrè pé kí ẹ ṣàlàyé ọ̀nà fún un.

3. Ẹ jẹ́ kí ayé wọ inú tábìlì náà

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Israel Olúdọ̀tun jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ olùkọ́ ilẹ̀ wa, NUT. Fúnmiláyọ̀ ṣáájú Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Olíkóye, ẹ̀gbọ́n Fẹlá, ṣe mínísítà fún ètò ìlera. Bẹ́kọ̀, àbúrò Fẹlá, jẹ́ dókítà àti ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn. Fẹlá ní àwo orin lọ jàra. Òpó wo la fẹ́ kó gbogbo èyí sí nínú tábìlì *eniyan*? Bí a bá ṣe òpó "ẹgbẹ́", yóò ṣófo fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì ní gba ẹgbẹ́ méjì fún ẹnì kan. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ dá tábìlì *egbe* sílẹ̀, kí ẹ tún dá òmíràn sílẹ̀ tí yóò máa so ẹni mọ́ ẹgbẹ́. Bákan náà fún ipò, iṣẹ́, àwo orin, ohun èlò orin. Kí ẹ tó mọ̀, tábìlì mẹ́wàá ti wà nílẹ̀, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ tábìlì ìsopọ̀ lásán.

Orúkọ tún ńkọ́? Ransome-Kuti ni wọ́n sọ Fẹlá nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tó yá, ó bọ́ Ransome dànù, ó di Aníkúlápó. Òpó *oruko* gba ẹyọ kan. Èwo lẹ fẹ́ pa rẹ́?

4. Ẹ tú tábìlì náà sí gbólóhùn

Ẹ rántí olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ tí a kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Ohun tí RDF, ìlànà tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún Web, fi lélẹ̀ ní 1999, tí dátà alásopọ̀ sì ń lò, ń béèrè kò ju mẹ́ta yìí lọ. Ẹ ṣí Notepad:

```
@prefix ile: <https://example.org/kuti/> .

ile:made    ile:baba   ile:femi .
ile:femi    ile:baba   ile:fela .
ile:fela    ile:baba   ile:israel ;
            ile:iya    ile:funmilayo ;
            ile:oruko  "Fela Kuti" ,
                       "Olufela Ransome-Kuti" ,
                       "Fẹlá Aníkúlápó Kútì"@yo .
ile:israel  ile:baba   ile:josiah ;
            ile:aare   ile:nut .
```

Àmì ìdánudúró parí gbólóhùn. Àmì ";" túmọ̀ sí "olùwà kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn". Àmì "," túmọ̀ sí "olùwà kan náà, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, àbọ̀ mìíràn". "@yo" ń sọ èdè tí a fi kọ orúkọ náà. Turtle ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìkọ̀wé yìí.

Ẹ wo bí NUT ṣe wọlé. Kò sí tábìlì tí a dá sílẹ̀ fún un, kò sí òpó tí a fi kún ohunkóhun; a kàn sọ gbólóhùn kan sí i ni. Orúkọ mẹ́ta tí Fẹlá ń jẹ́ náà jókòó papọ̀ láìbá ara wọn jà, nítorí pé orúkọ kọ́ ni gíráàfù fi dá a mọ̀. Àdírẹ́sì ni.

5. Ẹ fún olúkúlùkù ní àdírẹ́sì

Nínú tábìlì wa, Fẹlá ni nọ́ńbà 4. Nínú tábìlì ilé ìwòsàn kan, ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ lánàá ni nọ́ńbà 4. Nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀ nínú ilé rẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá gbé dátà méjèèjì papọ̀, ìjà dé nìyẹn. Ní 2006, Tim Berners-Lee tó dá Web sílẹ̀ kọ òfin mẹ́rin kalẹ̀ fún dátà alásopọ̀: kí ohun gbogbo ní URI (irú àdírẹ́sì tí a ń wí yìí) tó ń jẹ́, kí URI náà jẹ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú http, kí èèyàn lè ṣí i, kí ẹni tó bá ṣí i rí ohun tó wúlò kà, kí ó sì rí ìsopọ̀ sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Nàìjíríà, fún àpẹẹrẹ, ni http://www.wikidata.org/entity/Q1033. Ẹni tó wà ní Salvador ní Brazil àti ẹni tó wà ní Ṣàgámù lè lo àdírẹ́sì yẹn kan náà nínú fáìlì tiwọn, láìmọ ara wọn rí, fáìlì méjèèjì á sì so pọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé. Ohun tí tábìlì kò ní nìyí. Pé nǹkan jẹ́ gíráàfù nìkan kò tó láti fúnni ní èyí o: Neo4j àti irú rẹ̀ jẹ́ database onígíráàfù, wọ́n sì dára, àmọ́ nọ́ńbà inú ilé ni wọ́n sábà máa ń lò. Gbogbo gíráàfù kọ́ ni dátà alásopọ̀.

6. Ẹ bi gíráàfù ní ìbéèrè

SPARQL ni èdè ìbéèrè rẹ̀. W3C fọwọ́ sí i ní 2008. Ẹ ṣí query.wikidata.org, kí ẹ lẹ èyí mọ́ ọn, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù:

```
SELECT ?omo ?omoLabel WHERE {
  ?fela rdfs:label "Fela Kuti"@en .
  ?fela wdt:P40+ ?omo .
  SERVICE wikibase:label {
    bd:serviceParam wikibase:language "yo,en". }
}
```

P40 ni "ọmọ". P22 ni bàbá, P25 ni ìyá. Àmì "+" tó lẹ̀ mọ́ P40 ló ṣe gbogbo iṣẹ́ WITH RECURSIVE: ọmọ, ọmọ ọmọ, títí dé ibi tí okùn bá já. "yo,en" ní kó fi Yorùbá pe orúkọ bí ó bá wà, bí kò bá sí, kó fi Gẹ̀ẹ́sì pè é.

Ẹ wá gbìyànjú èyí tó rìn jìnnà díẹ̀: àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ tí wọ́n bí sí Áfíríkà.

```
SELECT DISTINCT ?eni ?eniLabel ?ibiLabel WHERE {
  ?eni wdt:P166 wd:Q37922 .
  ?eni wdt:P19  ?ibi .
  ?ibi wdt:P17  ?orile .
  ?orile wdt:P30 wd:Q15 .
  SERVICE wikibase:label {
    bd:serviceParam wikibase:language "yo,en". }
}
```

Ẹ kà á bíi gbólóhùn: ẹnì kan gba ẹ̀bùn yìí; wọ́n bí i sí ibì kan; ibẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè kan; orílẹ̀-èdè náà wà ní Áfíríkà. Ṣóyínká á jáde pẹ̀lú Abẹ́òkúta, Mahfouz pẹ̀lú Kairo, Gordimer, Coetzee, Gurnah. Ẹ ó tún rí Albert Camus, torí Àlgéríà ni wọ́n ti bí i, àti Claude Simon tó gba ẹ̀bùn náà ní 1985, ọdún kan ṣáájú Ṣóyínká, tí wọ́n bí sí Antananarivo ní Madagásíkà. Doris Lessing tó dàgbà ní Zimbabwe kò ní sí níbẹ̀: Ìráànì ni wọ́n bí i sí. Ohun tí ẹ béèrè gẹ́lẹ́ ni gíráàfù fún yín. Bí ẹ bá rí orúkọ tí ẹ kò retí, ẹ tẹ àdírẹ́sì rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé ìsopọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orílẹ̀-èdè mìíràn ní ju kọ́ńtínẹ́ǹtì kan lọ, Íjíbítì fúnra rẹ̀ na ẹsẹ̀ kan sí Éṣíà.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìbéèrè yìí ni pé ẹni tó kọ ibi tí wọ́n ti bí Simon àti ẹni tó kọ kọ́ńtínẹ́ǹtì tí Madagásíkà wà lè má mọ ara wọn rárá, kò sì sí ẹni tó jókòó ṣètò tábìlì fún "òǹkọ̀wé tí wọ́n bí sí Áfíríkà".

Ẹ kíyè sí i: bí ìbéèrè bá ju ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá lọ, Wikidata á gé e. Ẹ fi LIMIT 100 sí ìparí nígbà tí ẹ bá ń dán nǹkan wò.

7. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí kò sí níbẹ̀

Bí ẹ bá bi database onítábìlì ti ilé-ìwé bóyá Táyọ̀ ti san owó, tí kò sí ìlà kankan, ìdáhùn ni "kò tíì san". Tábìlì gbà pé ohun tí kò sí lọ́dọ̀ òun kò ṣẹlẹ̀. Dátà alásopọ̀ kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ ọmọ Fẹlá kan kò bá jáde nínú ìbéèrè wa, ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ọ́ síbẹ̀ ni. Torí náà, ẹ má ka iye tí ẹ rí ní Wikidata kí ẹ sì kéde pé "iye ọmọ rẹ̀ nìyí".

Ìkọ̀jálẹ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn náà rèé. Bí ẹ bá kọ `ile:seun ile:baba ile:ogoji .` sínú Turtle, yóò gbé e mì kẹ́lẹ́. Ṣeun ti ní bàbá tí kò sí nínú ilé. Ẹ nílò SHACL, ìlànà tí W3C gbé jáde ní 2017, kẹ́ ẹ tó lè sọ irú gbólóhùn tó bófin mu, ẹ̀yin sì lẹ ó máa rántí láti fi yẹ dátà wò. Wikidata náà ní òfin tiẹ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ló sábà máa ń ṣe. Kì í tì ilẹ̀kùn.

Ibì kan tún wà tí tábìlì ti fi ẹ̀yìn gíráàfù balẹ̀: àkókò. Abẹ́òkúta wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àmọ́ ní 1976 ni wọ́n dá Ògùn sílẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ló wà. Nínú tábìlì, òpó méjì péré, *lati* àti *de*, ọ̀rọ̀ parí. Gbólóhùn oní-mẹ́ta kò ní àyè kẹrin tí ẹ lè kọ ọdún sí. Ohun tí Wikidata ṣe ni pé ó fún gbólóhùn fúnra rẹ̀ ní àdírẹ́sì, ó sì ń so ọdún mọ́ ọn. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìbéèrè á wá kún fún àmì ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, p:, ps: àti pq:, dípò wdt: kan ṣoṣo. Kò dùn kọ, kò sì dùn kà.

8. Ẹ pinnu, kí ẹ tó kó ẹrù

Owó títà ṣọ́ọ̀bù, àkáǹtì báńkì, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, oògùn inú ilé ìtọ́jú: ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú tábìlì. Database onítábìlì bíi PostgreSQL lè gbé wọn fún ogún ọdún. Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ, ó ń rí bákan náà lójoojúmọ́, àṣìṣe ibẹ̀ sì ń jẹ owó. Àkójọ oríkì, ìwé ìtàn ìlú, ilé-ìkàwé, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó fọ́n ká sí mùsíọ́ọ̀mù Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó, ìtàn ìdílé tó dé Bahia tó sì padà wá sí Èkó: gíráàfù ló tọ́ sí wọn, torí pé ẹnì kan kò lè mọ gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni yóò sì kọ ọ́. Ẹ sì lè ṣe méjèèjì: kí ẹ máa fi tábìlì ṣiṣẹ́ nílé, kí ẹ máa tú èyí tó yẹ kí aráyé rí sí gbólóhùn.

9. Bí ẹ ó ṣe tú tábìlì tiyín

Ìlà kọ̀ọ̀kan di àdírẹ́sì. Òpó kọ̀ọ̀kan di ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun tó wà níbi tí ìlà àti òpó ti pàdé di àbọ̀. Foreign key (òpó tó ń tọ́ka sí ìlà mìíràn, bíi *baba*) di ìsopọ̀ sí àdírẹ́sì mìíràn. NULL (àyè tó ṣófo) kò di nǹkan kan: ẹ má kọ gbólóhùn fún un. Tábìlì ìsopọ̀ tó ní òpó méjì péré máa ń pòórá, ó di gbólóhùn kan. W3C ti ní ìlànà fún iṣẹ́ yìí láti 2012, R2RML lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n fún fáìlì kékeré, OpenRefine ti tó: ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó kó CSV (fáìlì tábìlì tí Excel lè tọ́jú fún yín) sínú rẹ̀, á sì bá yín wá àdírẹ́sì Wikidata fún orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó jẹ́ kó wá a, ẹ tún àmì ohùn ṣe. Kíbọọ̀dù kan á tẹ "ẹ" gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, á wá gbé àmì òkè lé e lórí. Òmíràn á tẹ "é" gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, á wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú wa, Abẹ́òkúta kan náà ni. Lójú SQLite, ìlú méjì ni, ìbéèrè tí ẹ fi ọ̀kan kọ kò sì ní rí èkejì. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan: `unicodedata.normalize("NFC", oro)` nínú Python, tàbí `normalize()` nínú PostgreSQL láti ẹ̀dà 13 lọ. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi orúkọ Yorùbá ṣe key (ohun tí a fi ń dá ìlà mọ̀) nínú tábìlì kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ irú ohun tí òpó náà jẹ́ fún OpenRefine. Bí ẹ bá kàn kọ "Ọ̀yọ́" sílẹ̀, ìlú Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ náà wà níbẹ̀, àdírẹ́sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Èyí tó bá dá yín lójú, ẹ gbà á; èyí tó bá mú ẹni mẹ́ta wá, ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ kà wọ́n. Èyí tí kò bá sì rí rárá, ẹ fún un ní àdírẹ́sì tiyín lábẹ́ orúkọ wẹ́ẹ̀bù tí ẹ mọ̀ pé ẹ ó máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún.